Mọ́tò Tí Kò Ní Táyà: Bí Orúnkún Mi Ṣe Ká ní Wọ́ọ̀dù Ọmọdé

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á yìí, ẹ má purọ́ fún mi o: ta ló ti lóṣòó sí ṣáláńgá rí nínú yín, tí kò wá lè dìde mọ́? Kò sí? Gbogbo yín lara yín pé? Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí èmi nìkan máa ru ẹ̀sín mi lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ni, nílé wa ní Òrè. A ti ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá tán, èsì là ń retí, mo sì ti di ọ̀gá lójú ara mi. Mo ti ń fi bíìrò há àpò àyà kiri, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan tí mo fẹ́ kọ. Mo wọ ṣáláńgá, mo lóṣòó, mo ń ro bí n ó ṣe di akọ̀wé báǹkì. Ìgbà tí mo fẹ́ dìde, orúnkún òsì mi ní kò sóhun tó jọ ọ́. Ìrora kan gbéra láti inú orúnkún náà, ó gba itan, ó dé ìdí, ó ní kí n pariwo. Mo pariwo. Màámi tó ń yan gàrí lẹ́yìnkùlé sáré dé, ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Akin, ṣé ejò ni?"

"Rárá mà."

"Kí ló wá dé tí o fi ń ké bí ewúrẹ́?"

"Orúnkún ni, Màámi. Mi ò lè dìde."

Ó na ọrùn wo inú. "Ṣé o ti nùdí?"

Ẹ wò ó, n kò ní dáhùn ìbéèrè yẹn níbí. Kí ẹ ṣáà mọ̀ pé wọ́n fà mí jáde bí àpò pákí, èmi ọ̀gá akọ̀wé báǹkì.

Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, orúnkún náà ti wú. Awọ rẹ̀ fà le, ó ń dán, ó gbóná débi pé Màámi ní bóun bá gbé agbada lé e, gàrí á gbẹ. Ara mi ń gbọ̀n, eyín mi ń lu ara wọn. Bí etí aṣọ ìbora bá kàn án lásán, omi á bọ́ lójú mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ohun tí mo kà yìí: ó wú, ó gbóná, ibà dé sí i, n kò sì lè fẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá pàdé sára ẹnì kan, kì í ṣe ohun tí à ń sùn lé lórí.

Ṣùgbọ́n àwa sùn lé e. Ohun tó ṣì wá lọ́nà ni pé mo gbá bọ́ọ̀lù lánàá rẹ̀. Gólì ni mo máa ń ṣọ́ fún àwọn ọmọ àdúgbò wa. Kì í ṣe pé mo mọ̀ ọ́n ṣọ́ o, èmi ṣáà ni mi ò lè sáré. Bàámi wá ní orúnkún ló yẹ̀. Níbí, bí agbábọ́ọ̀lù bá ti fẹsẹ̀ rọ́, bàbá kan wà tó máa ń fi òróró wọ́ ọ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n gbé mi lọ. Bàbá ní kí wọ́n di èjìká mi mú, ó fa ẹsẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan péré. Ṣé ẹ máa ń gbọ́ táwọn èèyàn ń sọ pé "Ó le kú, ìjà Òrè"? Igbe tí mo ké lọ́jọ́ náà, àwọn tó sọ̀ nínú mọ́tò Bẹ́nì láti jẹun ní ìdíkọ̀ rò pé ogun ti tún dé. Bàbá fi ẹsẹ̀ mi sílẹ̀ wéré. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orúnkún náà, ó mi orí, ó ní, "Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Èyí tó bá yẹ̀ kì í gbóná báyìí."

Nítorí náà, bí ti ẹ̀yin náà bá wú tó sì gbóná, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á, ẹ má sì fi omi gbígbóná jó o. Màámi ti fi omi gbígbóná jó tèmi kí wọ́n tó gbé mi dé ọ̀dọ̀ bàbá. Ìyà méjèèjì ni mo jẹ lásán, àìsàn ò tiẹ̀ kúrò lójú kan.

Ọsibítù tí wọ́n gbé mi lọ wà lọ́nà Odìgbó. Ẹ̀yìn alùpùpù ni mo wà, ẹsẹ̀ mi nà síta gbọnrangandan bí ẹni tó ń júwe ọ̀nà oko fún àlejò. Gbogbo ẹni tá a bá pàdé ló ń yà fún wa.

Ìgbà yẹn ni sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìjọba, wọ́n ní gbogbo èèyàn gbọ́dọ̀ máa tò. Ẹ ò rí i, àwa aláìsàn náà ti bọ́ sórí ìlà. Àwọn obìnrin gbé ọmọ pọ̀n, wọ́n tò. Àwọn àgbẹ̀ láti Aráròmí-Òbu pẹ̀lú ojú tó pọ́n, wọ́n tò. Ọkùnrin kan dákú níbẹ̀, orí ìlà ló dákú sí, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ò sì gba ipò rẹ̀. Owú ò sí, báńdéèjì ò sí, ohun tí wọ́n bá fẹ́ fi tọ́jú ẹ, ìwọ lo máa lọ wá a wá. Ìlú le nígbà náà. Wàrà àti ṣúgà ti di ohun à ń fi ẹnu sọ nìkan.

Nígbà tó kàn mí, dókítà tẹ orúnkún mi díẹ̀, mo fò díẹ̀. Ó gbé abẹ́rẹ́ kan tó gùn, ó gún un sínú oríkèé, ó fa omi jáde. Mo ti rò pé omi tó mọ́ ni, àbí ẹ̀jẹ̀. Ó ki bí ẹ̀kọ mímu. Dókítà gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà, ó ní ọyún ni.

Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún wa nìyí, mo sì fẹ́ kó yé yín bó ṣe yé wa. Oríkèé ni ibi tí egungun méjì ti pàdé. Nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń yọ̀ bo orí egungun méjèèjì, omi díẹ̀ sì wà láàárín wọn bí epo tí à ń fi sí ibi tí ilẹ̀kùn ti ń yí. Kòkòrò kan tí ojú ò lè rí ló gba ojú egbò wọ inú ẹ̀jẹ̀ mi, ó lọ jókòó sínú omi yẹn, ó ń bímọ. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, á jẹ nǹkan tó ń yọ̀ yẹn tán, egungun á sì máa ha ara wọn, tàbí kí wọ́n lẹ̀ pọ̀.

"Egbò wo?" ni Bàámi bi mí.

Mo gbé àtẹ́lẹsẹ̀ sókè. Kùkùté ló gún mi lóko kòkó, mo fi ewé dí i, mo sì ń bá a lọ. Mo ti gbàgbé pé ẹsẹ̀ mi ni.

Wọ́n ní wọ́n máa ṣí orúnkún náà, wọ́n á fọ ọyún inú rẹ̀ nù. Kò sí àyè ní wọ́ọ̀dù ọkùnrin. Nọ́ọ̀sì àgbà kan, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Sístà, wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ọmọ ọdún mélòó nìwọ?"

"Méjìdínlógún, mà."

"Irọ́ lo ń pa. Mo rò pé mẹ́tàlá ni. Ẹ gbé e sí wọ́ọ̀dù ọmọdé."

Bí mo ṣe di aláìsàn ọmọdé nìyẹn. Lára ògiri, wọ́n ya àwòrán ehoro tó wọ bàtà. Bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fún mi kúrú, ẹsẹ̀ mi yọ láàárín irin ẹ̀yìn rẹ̀ bí iṣu tó yọ lẹ́nu àpò. Àwọn ọmọ tó ń kọjá máa ń fọwọ́ rin ín.

Iṣẹ́ abẹ náà, n kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Wọ́n fún mi ní abẹ́rẹ́ tó ń múni sùn, wọ́n ní kí n máa ka ení, èjì. Èmi tí mo jókòó ìdánwò ìṣirò, n ò ka dé ẹ̀rin. Ìgbà tí mo jí ni ìrora wá kí mi káàbọ̀. Wọ́n ti fi pílásítà funfun tó le bí sìmẹ́ńtì dì mí láti itan dé kókósẹ̀, kí oríkèé lè sinmi. Àárọ̀ àti alẹ́ ni wọ́n ń gún mi lábẹ́rẹ́ apakòkòrò, ìdí mi le bí pákó. Egbò àtẹ́lẹsẹ̀, ìpara dúdú kan ni wọ́n fi sí i, ó jọ ọ̀dà tó wà nínú ilẹ̀ ní Àgbábù gan-an. Mo sọ fún Sístà pé gbogbo ọdún tí ìjọba ti ń sọ pé àwọn máa wa ọ̀dà yẹn, abẹ́ ẹsẹ̀ mi ni wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n gbé ìdí wá.

Ibà lọ. Ìwú lọ. Màámi tó ń sùn sórí ẹní lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi bẹ̀rẹ̀ sí kọrin àárọ̀. Gbogbo wa rò pé ó ti parí. Wọ́n gé pílásítà, ẹsẹ̀ mi jáde, ó tín-ín-rín, ó ń ṣí èépá bí iṣu gbígbẹ. Dókítà ní, "Ká a."

Mo ká a. Kò ká.

Mo tún fi gbogbo agbára ṣe é, àní mo fi ẹnu ràn án lọ́wọ́. Kò ká. Ó nà síbẹ̀ bí ọmọ odó, ó ń wò mí. Dókítà dì í mú, ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, mo gbá àwo nọ́ọ̀sì dànù.

Dókítà jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní oríkèé tó bá ti pẹ́ lójú kan máa ń gan, iṣan á kúrú, ẹran inú á fẹ́ lẹ̀ mọ́ra. Ó ní òun ń lọ sí Àkúrẹ́, òun máa padà tí oṣù bá parí. Bí òun bá dé tí kò tíì ká tó bí ẹni tó jókòó lórí àga, òun máa ní láti mú mi sùn, kí òun fi ipá tẹ̀ ẹ́, èyí sì lè ya nǹkan nínú. Bí ìyẹn ò bá ṣe é ṣe, bó ṣe máa wà nìyẹn títí ayé. Kò sí oògùn tó máa ń ká orúnkún, ó ní, àfi olórúnkún.

Mo ronú sí i. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ká, báwo ló ṣe máa wọ mọ́tò? Báwo ló ṣe máa jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì, ta ló máa jókòó síwájú rẹ̀? Mo sì rántí ṣáláńgá.

Láràárọ̀ ni Sístà ń wá. "Akin, ká a." Màá ní, "Mo ń ká a, mà." Òógùn á bò mí, orúnkún á mì díẹ̀ bí àgbà tó ń tòògbé, màá ní ó ti ká. Sístà á ní, "Ojú ẹ ló ká." Bó bá ti yíjú, màá nà án padà sórí ìrọ̀rí. Ṣe ni ó ń dùn mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń gbàdúrà kí oúnjẹ pẹ́ dé, torí ìgbà tá a bá jẹun tán ni wọ́n máa ń ní kí n tún ká a.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ nípa ẹní ìsàlẹ̀ fèrèsé. Ibi eré àwọn ọmọ ni. Ìlú le, kò sí ọmọ-lańgidi ìlú òyìnbó, ṣùgbọ́n Sístà ti kó páálí oògùn jọ síbẹ̀, àti kọ́ọ̀kì ìgò, àti agolo wàrà tí wọ́n ti lá inú rẹ̀ mọ́, àti ọmọ alákìísà mẹ́ta tí òun fúnra rẹ̀ rán. Bí wọ́n bá fẹ́ gún ọmọ kan lábẹ́rẹ́, wọ́n á kọ́kọ́ fún un ní sìrìnjì tí kò ní abẹ́rẹ́, á gún ọmọ alákìísà, á rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, á bá a sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni á kàn án. Mo rí Dáre, ọmọ ọdún márùn-ún kan tí ikọ́ ń dààmú, tó ń sọ fún ọmọ alákìísà pé, "Má mira, abẹ́rẹ́ á kán sínú ẹ." Nígbà tó kan òun náà, kò mira. Mo rò ó pé bóyá kí n tọrọ ọmọ alákìísà kan fún orúnkún mi, ojú tì mí. Èmi oníwèé mẹ́wàá!

"Sístà, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa pariwo níta," ni mo sọ lọ́jọ́ kan.

"Ọmọ tí kò bá pariwo ni mo máa ń bẹ̀rù," ni ó fi dá mi lóhùn. "Bí ìwọ gan-an ṣe dákẹ́ yìí, ó ń bà mí lẹ́rù."

Ìgbà yẹn ni Rìsíkátù dé. Ó tó ọmọ ọdún méje. Orí igi máńgòrò ló ti já lulẹ̀, apá rẹ̀ ṣẹ́, wọ́n fi pílásítà dì í, ó sì gbé apá funfun náà kọ́rùn bí ẹni tó gba oyè. Bàbá rẹ̀ ń wa bọ́ọ̀sì Òrè sí Bẹ́nì. Ìdíkọ̀ ló dàgbà sí, ohùn rẹ̀ sì jọ bẹ́ẹ̀. Kò tíì lò tó ìdajì ọjọ́ tó ti sọ wọ́ọ̀dù di ìdíkọ̀.

"Bẹ́nì! Bẹ́nì! Bẹ́nì! Ó ku ẹyọ kan o! Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín!"

Àwọn ọmọ gun bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Wọ́n jókòó, wọ́n jókòó, mọ́tò ò lọ.

"Dẹ́rẹ́bà dà?" ni Dáre bi í.

Rìsíkátù yíjú, ó wò mí. Ó ní, "Bùọ̀dá yẹn ni."

"Èmi kọ́," ni mo wí.

"Ẹ̀yin ni. Gbogbo èèyàn ló máa ń sọ̀ lọ jẹun ní Òrè. Dẹ́rẹ́bà nìkan ló máa ń jókòó sínú mọ́tò. Ẹ̀yin lẹ kì í sọ̀ rárá."

Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fẹ́ kí n fi dáhùn ìyẹn? Bí wọ́n ṣe kó ara wọn wá sórí bẹ́ẹ̀dì mi nìyẹn. Rìsíkátù ní kí n jókòó sétí, kí n sọ ẹsẹ̀ sílẹ̀. Màámi fi àwo oúnjẹ ṣe sítẹ́rí lé mi lọ́wọ́, ẹ ò rí bó ṣe ń rẹ́rìn-ín. Rìsíkátù wá gbé agolo wàrà kan kalẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ òsì mi.

"Kílọ́ọ̀ṣì nìyí. Ẹ tẹ̀ ẹ́."

Mo na ẹsẹ̀, mo tẹ agolo. Ìyẹn rọrùn, ẹsẹ̀ mi ti nà tẹ́lẹ̀.

"Ẹ yí jíà. Ó yá, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò níbẹ̀, ẹ fà á sẹ́yìn."

"Ó ń dùn mí."

"Ẹ fà á sẹ́yìn! Bàbá mi ní dẹ́rẹ́bà tó bá gbé ẹsẹ̀ lé kílọ́ọ̀ṣì ń jó mọ́tò ni. Ṣé ẹ fẹ́ jó mọ́tò mi?"

Mọ́tò rẹ̀! Gbogbo èrò sì ń wò mí. Mo fà á sẹ́yìn, bí ìka méjì. Omi bọ́ lójú mi. Rìsíkátù lu irin bẹ́ẹ̀dì gbàgà pẹ̀lú apá pílásítà rẹ̀, ó ní, "Ó ń lọ o-o!" Àwọn ọmọ kígbe.

Jíà kejì. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ fà á sẹ́yìn. Jíà kẹta. Kí a tó dé Bẹ́nì lọ́jọ́ náà, mo ti ká orúnkún ju gbogbo èyí tí mo ti ká láti ìgbà tí wọ́n gé pílásítà. Aṣọ mi tutù fún òógùn, ṣùgbọ́n a dé Bẹ́nì. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Òrè sí Bẹ́nì mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo mọ́tò ló ń dé ibẹ̀.

Sístà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wá. Lọ́jọ́ kejì, mo rí i tó bẹ̀rẹ̀, tó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀, lẹ́yìn ibi tí ẹsẹ̀ mi dé. Ó pe Rìsíkátù. "Kọńdọ́kítọ̀, ẹsẹ̀ dẹ́rẹ́bà gbọ́dọ̀ máa dé ìlà yìí kó tó tún tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Òfin ìjọba ni." Bó bá ti dé ìlà dáadáa, á pa á rẹ́, á fa òmíràn sẹ́yìn. Ìlà yẹn ń sá fún mi bí adìyẹ.

Eré náà gbòòrò. Dáre di sójà, ó mú igi, ó dí ọ̀nà mọ́ wa.

"Ẹ dúró! Ẹ sọ̀ kalẹ̀! Ẹ tò!"

Èrò sọ̀, wọ́n tò. Ó kọjú sí mi. "Ìwọ dẹ́rẹ́bà ńkọ́? Fò bí ọ̀pọ̀lọ́!"

"Ọ̀gá sójà, ẹsẹ̀ mi ń dùn mí, sà."

Ó ronú. "Fi ojú fò, nígbà náà."

Mo fi ojú fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Ó ní ó dáa, a lè lọ. Pẹtiróò tún wọ́n nígbà yẹn, a máa ń dúró lójú ọ̀nà láìlọ. Rìsíkátù ló ní oògùn kíkorò tí wọ́n ń pín ni pẹtiróò, bí ẹnì kan ò bá mu tiẹ̀, mọ́tò ò ní gbéra. Dáre tó máa ń pọ oògùn dànù sí ara nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí gbé e mì, á tún la ẹnu kí gbogbo èrò wò ó. Èmi náà ń gbé tèmi mì. Dẹ́rẹ́bà wo ló máa jẹ́ kí pẹtiróò tán lójú ọ̀nà torí pé ó korò?

N ò fẹ́ purọ́ fún yín, ọjọ́ mìíràn wà tí ó ti ń dùn jù. Ọjọ́ kan, orúnkún tún wú díẹ̀, mo bú gbogbo èrò, mo ní kí wọ́n sọ̀ nínú mọ́tò mi. Wọ́n sọ̀, wọ́n ń wojú mi. Sístà fi aṣọ tútù wé e, ó ní ìwú díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ kì í ṣe ọyún, bí kò bá ṣáà ti gbóná, tí ibà ò sì dé. Ó ní kí mọ́tò sinmi títí di ọ̀la. Ní ìrọ̀lẹ́, Rìsíkátù gbé ẹ̀pà díẹ̀ wá fún mi. Ó ní, "Bàbá mi náà máa ń bú èrò."

Ìlà ṣọ́ọ̀kì ti fẹ́ dé ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ṣùgbọ́n mi ò tíì dìde rìn láìsí ẹni tó dì mí mú, oṣù sì ti fẹ́ parí. Ìgbà yẹn ni wọ́n ní wọ́n máa gé pílásítà Rìsíkátù. Ọmọ tó ń pàṣẹ fún gbogbo wa, ó gbọ́ ìró ayùn tí wọ́n fi ń gé e nínú yàrá kejì, ara rẹ̀ gan. Ó di irin bẹ́ẹ̀dì mi mú.

"Wọ́n máa gé apá mi."

"Pílásítà ni wọ́n máa gé," ni mo sọ. "Wọ́n gé tèmi, ṣé ẹ̀jẹ̀ jáde?"

"Ẹsẹ̀ nìyẹn, ti apá yàtọ̀."

Sístà fún un ní ọmọ alákìísà, ó jù ú nù. Màámi fún un ní àkàrà, kò gbà á. Ó kàn ń wò mí. Ó ní, "Mọ́tò yín ló máa gbé mi lọ. Mi ò ní fẹsẹ̀ rìn."

Mo wo Sístà. Sístà wo ilẹ̀, bíi pé kò gbọ́.

Ó dáa. Mo gbé àwo sítẹ́rí. Mo sọ ẹsẹ̀ méjèèjì kalẹ̀, mo fi ọwọ́ kan di irin bẹ́ẹ̀dì mú, lẹ́yìn náà ògiri, lẹ́yìn náà ehoro tó wọ bàtà. Rìsíkátù di ẹ̀yìn aṣọ mi mú, ó ń pe Bẹ́nì ní ohùn jẹ́jẹ́, ẹkún ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo ń tiro bí akátánpó tó já, gbogbo wọ́ọ̀dù ń tẹ̀ lé wa. A dé yàrá ayùn. Àga pẹlẹbẹ kan ló wà níbẹ̀, àga ọmọdé. Rìsíkátù ní, "Ẹ jókòó, kí n jókòó lé yín."

Mo jókòó. N ò tiẹ̀ ronú sí i, ẹ̀rù ọmọ náà ló gbà mí lọ́kàn. Rìsíkátù gun itan mi, ó fi ojú pamọ́ sí mi láyà, ayùn bẹ̀rẹ̀ sí kùn. Ìgbà tí apá rẹ̀ jáde, tó tín-ín-rín tó sì ń rùn, tí òun fúnra rẹ̀ gbóòórùn rẹ̀ tó ní "Páà!", tí gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, ni Màámi sọ pé:

"Akin. Wo ẹsẹ̀ ẹ."

Mo wò ó. Ó ká. Ó ká sábẹ́ àga bí ẹsẹ̀ ọmọ èèyàn. Màámi fi ìborùn bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Èmi náà sunkún díẹ̀, ṣùgbọ́n mo ní eruku pílásítà ni.

Dókítà dé. Ó dì í mú, ó tẹ̀ ẹ́, ó ká kọjá ibi tó fẹ́. Ó ní òun ò ní fi ipá ṣe é mọ́. Ó bi Sístà pé kí ni wọ́n ń fún mi ṣe. Sístà ní, "Bọ́ọ̀sì ló ń wà, sà." Dókítà wò ó, ó wo agolo, ó wo ìlà tí wọ́n ti pa rẹ́ sílẹ̀ bí ìlà ayò. Dáre sì dí ọ̀nà mọ́ ọn. "Ẹ tò kẹ́ ẹ tó wọ mọ́tò!" Dókítà tò.

Ó ti ju ọdún kan lọ báyìí. Òtítọ́ ni pé kò ká tán. Gìgísẹ̀ mi ò lè kan ìdí, bí mo bá lóṣòó, ẹ̀gbẹ́ kan ni mo máa ń gbé sókè bí ajá tó ń tọ̀. Bí òjò bá ṣú, orúnkún máa ń sọ fún mi kí rédíò tó sọ. Àpá iṣẹ́ abẹ gùn, ó ń dán, mo máa ń fi han àwọn ọmọbìnrin, wọn kì í wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ẹni tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí ni pé ìrora kíká yàtọ̀ sí ìrora àrùn. Ti àrùn ń sọ pé kí o dúró, ti kíká ń sọ pé ọ̀nà ṣì wà níwájú. Ẹ bi nọ́ọ̀sì yín èwo ni èwo. Bó bá sì jẹ́ ọmọ yín ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ má kàn mú ẹ̀kọ àti àdúrà lọ nìkan. Ẹ mú agolo lọ, ẹ mú kọ́ọ̀kì, ẹ jẹ́ kó pariwo. Ara ọmọdé kì í gba àṣẹ, ó máa ń gba ìpè. Tèmi náà kò gba àṣẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ní irùngbọ̀n mẹ́rin.

Mo máa ń wo orúnkún yìí láàárọ̀, mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọdún méjìdínlógún ló fi ń ká, tó ń nà, n ò bi í rí bóyá ó rẹ̀ ẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Sístà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Màámi tó sùn sórí sìmẹ́ńtì títí ẹ̀yìn fi ń ro ó, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ kọńdọ́kítọ̀ mi níbikíbi tó bá wà. Bí mo bá sì ronú sí i dáadáa, ohun tí ara ń fẹ́ gan-an kò ju pé kí...

"Akin! Mọ́tò Àgọ́ Aláyè ti kún, ìwọ nìkan là ń dúró dè! Ta ló máa bá wa hú pákí?"

"Màámi, orúnkún mi ń ro mí díẹ̀, mà."

"Orúnkún tó gun igi ọsàn láàárọ̀ yìí? Dìde ńbẹ̀ jàre, kí n tó wọlé wá bá ẹ!"

Ẹ má bínú, n ò tíì sọ ọ́ tán o, ohun tó kù ni pé... Mo ń bọ̀, mà!